Ọjọ́ márùn-ún ló kù sí máràtọ́ọ̀nù Èkó: báwo ló ṣe yẹ kí eré jẹ́jẹ́ jẹ́jẹ́ tó?

Ẹsẹ̀Tuntun · Ọjọ́ Ajé, 8:10 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà eléré. Ẹ̀ẹ̀kíní mi rèé. Ọjọ́ Àbámẹ́ta yìí ni mo máa gbéra ní Sùúrùlérè, lẹ́bàá pápá ìṣeré orílẹ̀-èdè, tí màá fi ẹsẹ̀ ara mi dé Eko Atlantic. Ó ti pé oṣù mẹ́rin tí mo ti ń múra. Wákàtí mẹ́rin àbọ̀ ni mo fẹ́ fi parí ẹ̀, ìyẹn ìṣẹ́jú mẹ́fà àti ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rìnlélógún (6:24) fún kìlómítà kan.

Àwọn eré jẹ́jẹ́ tó kù nínú ètò mi ló ń dà mí láàmú. Lánàá, kìlómítà 8 ni, 7:15 ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mo jáde ní aago márùn-ún àbọ̀ ìdájí, atẹ́gùn ń fẹ́, ẹsẹ̀ mi fúyẹ́ bí ìyẹ́. Ìgbà tí màá wo aago ọwọ́ mi, 6:05 ni mo ń sá! N kò mọ̀ rárá. Inú mi dùn, mo ní ara ti yá nìyẹn. Láàárọ̀ yìí mo tún jáde fún kìlómítà 5, ẹsẹ̀ wá wúwo bíi pé wọ́n di yanrìn mọ́ ọn. Ní 7:20 lásán, ṣe ni mo ń mí gúlegúle.

Ṣé okun tí mo fi oṣù mẹ́rin kó jọ ló ti ń jò lọ ni? Kí n má sáré mọ́ ni? Tí mo bá sì máa sá, péèsì wo, ìyẹn ìṣẹ́jú mélòó fún kìlómítà kan, ni kí n máa sá títí di ọjọ́ Ẹtì? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí.

---

BàbáEléré · Ọjọ́ Ajé, 9:02 àárọ̀

Ọmọ mi, o kú ìmúra. Okun kankan kò jò. Ìwọ fúnra rẹ lo lọ ná nínú ẹ̀ lánàá, nígbà tí ọjọ́ ọjà kò tíì pé.

Tún ohun tó o kọ wò: 6:24 lo fẹ́ fi sá máràtọ́ọ̀nù, 6:05 lo wá sá lọ́jọ́ tí wọ́n ní kó o ṣe é wẹ́rẹ́. Ẹsẹ̀ tó fúyẹ́ yẹn ló tàn ọ́. Lóṣù tó kọjá, eré gígùn wà nínú ẹsẹ̀ rẹ, ó rẹ̀ ẹ́, o ò lè sá ju bó ṣe yẹ lọ kódà kó o fẹ́ bẹ́ẹ̀. Nísinsìnyí tó o ti dín in kù, ara ti ń sinmi, o wá dà bí ẹṣin tí wọ́n so mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí wọ́n bá tú irú ẹṣin bẹ́ẹ̀, kì í rìn, fífò ló máa ń fò.

Eré tó o bá sá lónìí, ara kì í sọ ọ́ di agbára lọ́la. Ó ń tó ọjọ́ mẹ́wàá sí ọ̀sẹ̀ méjì kí èrè ẹ̀ tó jáde. Kò wá sí eré kan tó o lè sá láàárín òní sí ọjọ́ Ẹtì tó máa ràn ọ́ lọ́wọ́ lórí afárá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Èyí tó lè dá ọ padà wà, wọ́n sì pọ̀.

Péèsì? Oríkì ni èmi fi ń wọ̀n ọ́n. Ọmọ Oníkòyí ni mí, oríkì wa gùn dáadáa. Bí mo bá ń sáré, mo máa ń kì í sókè. Tí mo bá ń rí i kì lọ gbọnrangandan, tí n kò gé e láàárín torí èémí, eré jẹ́jẹ́ nìyẹn. Tí ó bá di pé ọ̀rọ̀ méjì méjì ni mo ń sọ, mo ti ń sá eré ìje láìmọ̀. Àwọn èèyàn á máa wò ọ́ bíi pé orí rẹ ti dàrú. Jẹ́ kí wọ́n máa wò.

---

ỌgáÌṣirò · Ọjọ́ Ajé, 9:40 àárọ̀

Bàbá, oríkì dáa o, àmọ́ àwa kan wà tí a ò mọ̀ ju ìlà méjì lọ nínú tiwa 😂 Ẹ jẹ́ n fi nọ́ńbà kún un.

Aṣìṣe tí mo máa ń rí ni pé ẹni tó fẹ́ fi wákàtí mẹ́rin àbọ̀ sáré á lọ da ètò ẹni tó ń fi wákàtí mẹ́ta àbọ̀ sá a kọ. Wọ́n á ní "fi ìṣẹ́jú kan àbọ̀ kún péèsì máràtọ́ọ̀nù rẹ." Ẹni tó fẹ́ fi wákàtí mẹ́ta àbọ̀ sá a, péèsì ẹ̀ jẹ́ 4:59. Tó bá sá eré jẹ́jẹ́ ẹ̀ ní 6:29, ó ṣì ń sáré dáadáa. Ìwọ, 6:24 ni tìẹ. Fi ìṣẹ́jú kan àbọ̀ kún un, ó di 7:54. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò lè sá 7:54 kí ẹsẹ̀ wọn má fà nílẹ̀. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e bí ẹni tó wọ bàtà elòmíì, orúnkún á sì gbà á. Ẹni tó fẹ́ fi wákàtí márùn-ún sá a (7:07), eré jẹ́jẹ́ ẹ̀ àti eré ìje ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìkan náà.

Lójú tèmi, ohunkóhun láàárín 7:00 sí 7:40 dáa fún ẹ. Bí oòrùn bá sì sọ pé 8:00, gbà fún oòrùn.

Ohun tó yẹ kó o gé ni gígùn, kì í ṣe iye ọjọ́. Tí ọ̀sẹ̀ rẹ tó gùn jù bá jẹ́ kìlómítà 50, gbogbo ohun tó o máa sá lọ́sẹ̀ yìí ṣáájú ọjọ́ Àbámẹ́ta ò yẹ kó ju 20 lọ. Sì má jẹ́ kí ẹsẹ̀ gbàgbé péèsì eré ìje pátápátá. Lọ́jọ́rú, nínú kìlómítà 5 tó o bá sá, fi bíi kìlómítà kan àbọ̀ sá 6:24, 6:24 gan-an, kí o tún padà sí jẹ́jẹ́.

---

ÌyáÌbejì_Bódìjà · Ọjọ́ Ajé, 1:15 ọ̀sán

Nọ́ọ̀sì ni mí, mo sì ti sá ti Èkó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, kò sẹ́ni tó tíì dáhùn ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ tó wúwo.

Ẹsẹ̀Tuntun, ó ṣeé ṣe kí ìyẹn jẹ́ ohun tó dáa. Bó o ṣe dín eré kù, tí o ò sì dín oúnjẹ kù, ara ń kó ṣúgà pamọ́ sínú iṣan. Gíráàmù ṣúgà kan tí ara bá kó pamọ́, ó máa ń mú omi bíi gíráàmù mẹ́ta dání. Torí ẹ̀ ni òṣùwọ̀n fi máa ń sọ fún èèyàn pé ó ti fi kílò kan tàbí méjì kún un lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ̀rù máa ń bà wọ́n, wọ́n á ní àwọn ti ń sanra, wọ́n á lọ sáré sí i láti yọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ ọ́! Òun lẹ máa jẹ lórí afárá Third Mainland.

Ìkejì: aago mélòó lo jáde láàárọ̀ òní? Tó bá jẹ́ pé aago méje kọjá ni, oòrùn ti yọ. Bí ooru bá mú, ọkàn á máa lù ju bó ṣe yẹ lọ torí pé ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí awọ ara kó lè tutù, ó tún ń gbé e lọ sí ẹsẹ̀. Péèsì kan náà lè jẹ́ jẹ́jẹ́ ní aago márùn-ún ìdájí, kó sì di làálàá ní aago mẹ́jọ. Aago ọwọ́ ò mọ ìyẹn. Èémí rẹ mọ̀ ọ́n.

Tí nǹkan kan bá sì ń dùn ọ́ díẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, má lọ máa gbé oògùn ìrora bíi ibuprofen mì kó o lè sáré. Pàápàá jù lọ, má lò ó láàárọ̀ eré ìje. Oògùn yẹn pẹ̀lú òógùn àti ooru kì í ṣe kíndìnrín lóore.

---

Ẹsẹ̀Tuntun · Ọjọ́ Ajé, 2:30 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n mi nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun gan-an. Aago méje ààbọ̀ ni mo jáde o 🙈 Iná ò sí, mi ò sùn dáadáa, ni mo bá jí pẹ́.

Ọ̀gá Ìṣirò, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Àmọ́ ìbéèrè kan: ẹgbẹ́ eléré kan ní àdúgbò wa ń sá kìlómítà 6 "jẹ́jẹ́" lálẹ́ ọ̀la, ìdágbére ni wọ́n pè é. Ṣé kí n lọ?

---

KòSíWàhálà · Ọjọ́ Ajé, 4:05 ìrọ̀lẹ́

Gbogbo yín ń ni ọmọ yìí lára. Èmi kì í sáré rárá lọ́sẹ̀ yẹn. Oúnjẹ, oorun, tẹlifíṣọ̀n. Mo ti sá mẹ́ta báyẹn, mo sì parí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

---

ỌgáÌṣirò · Ọjọ́ Ajé, 4:11 ìrọ̀lẹ́

Wákàtí mélòó lo fi parí wọn?

---

KòSíWàhálà · Ọjọ́ Ajé, 4:26 ìrọ̀lẹ́

Mo ní mo parí.

---

ỌmọPeckham · Ọjọ́ Ajé, 10:48 alẹ́

😂😂 Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi bùrọ̀dá yẹn sílẹ̀.

Ìlú London ni mo wà. Àbúrò mi, má lọ. Èmi lọ, mo sì jẹ ìyà ẹ̀.

Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ sá London Marathon, ẹgbẹ́ kan pè wá fún eré jẹ́jẹ́ lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, ó ku ọjọ́ mẹ́ta. Àwa bí ogún. A bẹ̀rẹ̀ ní péèsì 6:00, à ń ṣàwàdà, à ń yàwòrán. Ẹnì kan yọ síwájú díẹ̀. Ẹnì kejì ò fẹ́ kó dà bíi pé òun rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ká máa sáré, àmọ́ nígbà tá a máa fi dé kìlómítà kẹta, 4:50 la wà, ìtàkùrọ̀sọ ti dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló yẹ kó ta mí lólobó. Bí mo ṣe yí kọ́nà kan ni mo gbọ́ "tá!" ní ẹran ẹ̀yìn ojúgun òsì. Kò já, ó kàn fà ni. Àmọ́ láti ibi ọkọ̀ Cutty Sark, tó wà ní bíi kìlómítà 10, títí dé The Mall, níbi tí eré parí sí, ni mo fi ń tiro. Oṣù márùn-ún nínú òtútù, mo fi ogún ìṣẹ́jú ìgbéraga bà á jẹ́.

Má bínú pé mo kọ ọ́ gùn. Ó ṣì ń dùn mí.

Nǹkan kan tún ni pé aago ọwọ́ máa ń parọ́. Láàárín àwọn ilé gogoro Canary Wharf, aago mi ní mo ń sá kìlómítà kan ní ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ṣé Kipchoge, ọ̀gá máràtọ́ọ̀nù ọmọ Kenya, ni mí ni? Ẹni tí kò bá ti mọ bí èémí jẹ́jẹ́ ṣe rí nínú ara ẹ̀ kí ó tó débẹ̀, kò ní mọ ohun tí yóò gbà gbọ́.

---

BàbáEléré · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:20 àárọ̀

Ọmọ Peckham, pẹ̀lẹ́ o. Ó ti ṣe èmi náà rí, itan ni tèmi.

Ó dárúkọ Kipchoge, ẹ jẹ́ n mú un lò. Ó sá máràtọ́ọ̀nù Berlin ní 2022 ní wákàtí 2:01:09. Ẹ ṣírò ẹ̀, bíi 2:52 fún kìlómítà kan. Àwọn eléré Kenya tó ń sá irú eré yẹn, ẹni tó bá bá wọn jáde lọ́jọ́ eré jẹ́jẹ́ á rí i pé wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ bí àgbàlagbà tó ń lọ sí mọ́sáláṣí, ìṣẹ́jú márùn-ún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ fún kìlómítà kan, kí ara tó máa tú díẹ̀díẹ̀. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì péèsì eré ìje wọn. Kò sẹ́ni tó ń tijú nínú wọn. Àwa tí kò sẹ́ni tó mọ̀ wá la máa ń tijú kí ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ Márúwá má lọ rò pé a ò lè sáré.

Ẹ̀yin tó ń ṣòwò nọ́ńbà, ẹ ò parọ́. Àmọ́ ìdí mìíràn wà tí mo fi ń lé ọmọ yìí padà sí jẹ́jẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, nígbà tí wọ́n bá ní ẹ máa lọ, ẹsẹ̀ rẹ máa fúyẹ́ ju ti ọjọ́ Àìkú lọ. Ìlù á máa dún, àwọn èèyàn á máa pariwo, ẹgbẹẹgbẹ̀rún á máa kọjá lára rẹ. Ara rẹ máa sọ pé 5:50 ò le rárá. Kò sì ní le lóòótọ́, ní Sùúrùlérè. Wàá wá dé orí Third Mainland. Afárá yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 12 láti orí dé ìdí, kò sí igi, kò sí òjìji, ọ̀sà lọ́tùn-ún, ọ̀sà lósì, oòrùn lórí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń gba owó tó o yá ní Sùúrùlérè. Mo ti rí ọkùnrin fírígbọ̀n tó jókòó sórí irin ẹ̀gbẹ́ afárá, tó ń wo omi bí ẹni tí ọkọ̀ já sílẹ̀.

Nítorí náà, eré jẹ́jẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí, dídi ara mú ni kó o fi kọ́. Bó o bá lè di ẹsẹ̀ tó fúyẹ́ mú lọ́jọ́rú ní àdúgbò rẹ, tí kò sẹ́ni tó ń wò ọ́, bóyá wàá lè dì í mú lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

---

ỌgáÌṣirò · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:05 àárọ̀

Mo gbà. Bàbá borí mi.

Kí n kàn fi èyí kún un: lẹ́yìn eré jẹ́jẹ́ Ọjọ́rú àti ti Ẹtì, ṣe eré kúkúrú mẹ́rin, ogún ìṣẹ́jú àáyá ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe eré àsápajúdé. Na ẹsẹ̀, tú èjìká sílẹ̀, yára díẹ̀díẹ̀, dúró, rìn títí èémí á fi padà, kó o tó tún ṣe òmíràn. Òun ló máa ń yọ yanrìn tó o ní ó wà lẹ́sẹ̀ rẹ yẹn kúrò, kò sì ní rẹ̀ ọ́.

---

Ẹsẹ̀Tuntun · Ọjọ́rú, 6:51 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Mi ò lọ sí eré ìdágbére yẹn. Wọ́n fi fọ́tò ránṣẹ́ sórí WhatsApp, ó wù mí, mo pa fóònù.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nísinsìnyí ni. Mo yí aago ọwọ́ mi kó kọjú sínú, mo tún fi áńkáṣíìfù wé e. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka oríkì tí ìyá mi àgbà máa ń fi kí mi. Ìlà mẹ́fà péré ni mo mọ̀, ni mo bá ń tún un kà. Nígbà tí mo dé ọ̀nà ọjà, ẹlẹ́búrẹ́dì kan gbé àtẹ rù, ó ń rìn kánmọ́kánmọ́ lọ síbi tó ti ń tajà. Ó kọjá lára mi! Ẹni tó ru búrẹ́dì kọjá lára ẹni tó ń sáré. Ó yíjú padà wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Sìsítà, ṣé kò sí o?" Ẹ̀jẹ̀ mi gbóná, ẹsẹ̀ mi ti fẹ́ lé e. Mo rántí ọ̀rọ̀ Bàbá. Mo kì ara mi lọ.

Lẹ́yìn náà ni mo sá kìlómítà kan àbọ̀ tí Ọ̀gá Ìṣirò sọ. Mo tú áńkáṣíìfù kúrò fún ìyẹn: 6:21, 6:26. Ó rọrùn débi pé mo rò pé aago ti bàjẹ́. Tí mo délé, mo wo ìyókù: 7:25, 7:31, 7:18. Lílù ọkàn mi ò kọjá ìgbà 138 ní ìṣẹ́jú kan níbẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, ó tó 158.

---

ÌyáÌbejì_Bódìjà · Ọjọ́rú, 9:30 àárọ̀

138! Ẹ wò ó. Ọ̀tọ̀ ni ara tó ń jí, ọ̀tọ̀ ni ara tó ń jà.

Ọ̀la, sinmi, kó o sùn. Oorun alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni kó o fi ọwọ́ pàtàkì mú, torí alẹ́ Ẹtì, inú fu, ìwọ ò ní sùn dáadáa, kò sì burú. Ẹnikẹ́ni kì í sùn. Oúnjẹ: ìrẹsì, iṣu, ẹ̀bà lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, kí ata ẹ̀ má pọ̀. Má jẹ ẹ̀wà, má jẹ ohun tí o ò jẹ rí. Tí ẹnikẹ́ni bá fún ọ ní ìpápánu tàbí oògùn eléré kan tuntun, gbà á, dúpẹ́, fi sínú báàgì.

---

KòSíWàhálà · Ọjọ́rú, 9:44 àárọ̀

Ẹlẹ́búrẹ́dì yẹn ò ṣe máràtọ́ọ̀nù? Ẹ forúkọ ẹ̀ sílẹ̀.

(Mo ti wá ronú sí i. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo sá a, ẹsẹ̀ mi dà bí igi títí di kìlómítà 7. Lọ́jọ́ Ẹtì yìí, èmi náà á sá ogún ìṣẹ́jú. Kí Ọ̀gá Ìṣirò má sọ nǹkan kan.)

---

ỌgáÌṣirò · Ọjọ́rú, 9:47 àárọ̀

Mi ò sọ nǹkan kan.

---

ỌmọPeckham · Ọjọ́bọ̀, 11:20 alẹ́

Àbúrò mi, ìbéèrè kan kí n tó sùn: ọjọ́ Ẹtì, kìlómítà mélòó?

---

BàbáEléré · Ọjọ́ Ẹtì, 5:50 àárọ̀

Mẹ́ta. Tí ó bá rẹ̀ ọ́, méjì. Tí o bá jí tí gbogbo ara ní kò wù ú, rìn lọ ra ògì, kó o padà sílé. Ìyẹn náà wà nínú ètò.

---

Ẹsẹ̀Tuntun · Ọjọ́ Ẹtì, 7:15 àárọ̀

Kìlómítà méjì ààbọ̀ ni mo sá, mo sì ṣe eré kúkúrú mẹ́rin. N kò wo aago rárá. Nọ́ńbà mi ti wà lára ẹ̀wù, mo fi pín-ìn mẹ́rin há a, mo gbé bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Aago mẹ́rin ni màá jí, torí wọ́n á ti máa dí ọ̀nà.

Mo tún pàdé ẹlẹ́búrẹ́dì yẹn lónìí. Ó tún kọjá lára mi. Ó ní, "Sìsítà, ẹ ò tíì gbádùn síbẹ̀?" Mo ní ara mi le, ọ̀la ni mo fẹ́ sáré. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó sọ àtẹ kalẹ̀, ó fún mi ní búrẹ́dì kan, kò gba owó.